Bàtà Gogoro Nínú Gbọ̀ngàn Àwọn Àgbà

"Ní Párísì, ẹni tó bá bọ́ bàtà kó tó wọlé, ará oko ni," Àrìnpé wí, bó ti ń di irun Rhoda. "Bọ̀ọ̀dá mi Lawrence tó ń bá àwọn elépo ṣiṣẹ́ lójú òkun ló sọ ọ́. Wọn kì í kúnlẹ̀ kí àgbà. Ọwọ́ ni kóo nà sí wọn."

Rhoda gbà á gbọ́. Láti kékeré ni wọ́n ti jọ ń wa ọkọ̀ ojú omi lọ sílé ẹ̀kọ́. Ilé iṣẹ́ epo kan fẹ́ mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo lọ wo Párísì àti Róòmù, ọmọ tó mọ bí a ṣe ń bọ̀wọ̀ fún àṣà onílùú. Àwọn méjèèjì ló kù nínú ìdíje náà. Láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Rhoda kò ti fọwọ́ jẹ pupuru mọ́. Fọ́ọ̀kì ló fi ń lé e kiri inú abọ́.

Lọ́jọ́ ìdánwò, ó wọ bàtà gogoro, nínú ìlú tó jẹ́ pé orí pákó ni gbogbo ọ̀nà, omi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni gìgísẹ̀ bàtà há sáàárín pákó. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ṣe bí ẹni tó mọ̀ọ́mọ̀ dúró wo omi.

Ìlú ìjọ ni ìlú wọn, ìjọ ló tẹ̀ ẹ́ dó, àwọn àgbà ìjọ ló sì ń ṣàkóso rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ gbọ̀ngàn àwọn àgbà, Rhoda sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó wọlé, ko, ko, ko, ó na ọwọ́ sí Bàbá Jákọ́bù, olórí ìjọ. Bàbá wo ọwọ́ náà bí ẹni tí wọ́n gbé ẹja tí kò mọ orúkọ rẹ̀ fún.

Òyìnbó obìnrin tó wá dán wọn wò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bàbá, láìwọ bàtà. Ó bi í pé, "Bóo bá dé ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Róòmù, tí wọ́n ní kí obìnrin bo èjìká, kí lo máa ṣe?"

"Màá bò ó, mà."

"Níbí ńkọ́?" Bàbá Jákọ́bù ló béèrè, jẹ́jẹ́.

Rhoda wo bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Àrìnpé ló kàn. Ó bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, ó wọlé, ó kúnlẹ̀. Òun ni wọ́n mú.

Ní èbúté, Rhoda dá a dúró. "Àrìnpé, ìwọ lo kọ́ mi."

"Èmi ni. Àyè ẹyọ kan ló wà." Kò tilẹ̀ wo ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n Rhoda, ṣé Párísì ni wọ́n bí ìwọ sí ni?"

Ó wọ ọkọ̀ lọ.

"Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà," ìyá Rhoda wí nígbà tó gbọ́. "Àmọ́ kí ló dé tóo fi gbà á gbọ́ kíákíá bẹ́ẹ̀?"

Rhoda sunkún, nítorí ó mọ ìdáhùn: ó wù ú kó jẹ́ òótọ́ ni.

Ọ̀rẹ́ lè dalẹ̀ ọ̀rẹ́. Kì í ṣe ohun tuntun. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá tẹ àṣà ilé rẹ̀ mọ́lẹ̀ kó tó dé ìlú onílùú, òun ló kọ́kọ́ dalẹ̀ ara rẹ̀.