Agogo Omùwẹ̀ Bàbá Oyèdọ̀tun

Gbàmù! Ilẹ̀kùn pálọ̀ já lulẹ̀.

"Ẹ dojú bolẹ̀. Ẹni tó bá gbórí sókè, ìbọn á bá a sọ̀rọ̀."

Àrẹ̀mú, olórí ọlọ́ṣà, ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú ní Ìlá. Ìbọn wà lọ́wọ́ rẹ̀, àféèrí wà nídìí rẹ̀.

Bàbá Oyèdọ̀tun dojú bolẹ̀ pẹ̀lú agbádá ṣọ́ọ̀ṣì lọ́rùn. Iṣẹ́ omùwẹ̀ ló ti fẹ̀yìn tì. Abẹ́ ọkọ̀ ojú omi ló máa ń mòòkùn lọ tún ṣe ní Àpápá. Agogo ọwọ́ àtijọ́ táwọn omùwẹ̀ ń so ló ń kó jọ, èyí tí kò ní bátìrì, tó jẹ́ ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i kó tó ṣiṣẹ́.

Ta ló júwe àpótí agogo fún Àrẹ̀mú? Bí ikú ilé ò bá pani, tòde ò lè pani. Ẹniọlá ni, ọmọ ẹ̀gbọ́n Bàbá, tí Bàbá fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́ dàgbà.

Àrẹ̀mú kọjú ìbọn sí Ẹniọlá, bí ẹni pé wọn ò mọra rí. "Ìwọ, gbé àpótí yẹn, tẹ̀ lé mi."

"Ẹ kó agogo lọ," Bàbá bẹ̀bẹ̀. "Ẹ fi ọmọ mi sílẹ̀."

Gbì! Àrẹ̀mú fi ìdí ìbọn gbá a lórí. Wọ́n ti ṣèlérí fún Ẹniọlá pé àwọn ò ní fọwọ́ kan Bàbá.

Vuuu! Ọkọ̀ wọn gba ọ̀nà Òkè-Ìlá. Àwọn ọdẹ tó ń ṣọ́ ìlú gbọ́ ariwo, wọ́n fi ọ̀kadà lé wọn. Gbòlà! Táyà bẹ́. Ọwọ́ ọdẹ tẹ awakọ̀, Àrẹ̀mú àti Ẹniọlá gbé àpótí sá wọ oko kòkó.

Lẹ́yìn igi kan, Àrẹ̀mú rẹ́rìn-ín, ó so agogo kan mọ́ Ẹniọlá lọ́wọ́. "Gba tìẹ. Ìwọ náà ti di ọ̀gá."

Ẹniọlá dá agogo náà mọ̀. Èyí tó máa ń dún ni, tó ń sọ fún omùwẹ̀ pé ó tó àsìkò láti jáde nínú omi. Bàbá fi ń rántí oògùn rẹ̀. Ẹniọlá ló máa ń yí i láràárọ̀. Láàárọ̀ òní náà, ó ti yí i. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé ó gbàgbé pé òun fẹ́ jalè.

"Ẹniọlá o! Dá mi lóhùn."

Bàbá ni. Ó ti fi aṣọ di orí, ó ń tẹ̀ lé àwọn ọdẹ. "Agogo ò jẹ́ nǹkan kan. Ọmọ mi ni kí ẹ bá mi wá."

Ó wù Ẹniọlá kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì.

"Fọkàn balẹ̀," Àrẹ̀mú sọ wúyẹ́wúyẹ́. "Àféèrí ń ṣiṣẹ́. Igi ni wọ́n máa rí."

Ọdẹ kan wo ọ̀ọ́kán wọn lóòótọ́, ó kọjá.

Kìrìrìrìrìrì! Agogo ọwọ́ Ẹniọlá dún.

"Pa agogo yẹn!" Àrẹ̀mú ní.

Bọ́tìnnì kékeré kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agogo. Ẹniọlá gbé ìka lé e. Ó gbọ́ tí Bàbá ń wúkọ́. Ó mú ìka kúrò, ó na ọwọ́ sókè.

Àféèrí a máa bo ojú, kì í di etí. Kí Àrẹ̀mú tó nàgà mú ìbọn, àwọn ọdẹ ti bò ó mọ́lẹ̀.

Bàbá gbá Ẹniọlá mọ́ra, ó ń fọwọ́ tú ara rẹ̀ wò. "Wọn ò ṣe ọ́ léṣe?"

Ẹniọlá dọ̀bálẹ̀ sórí ewé kòkó. Ó tú agogo, ó na ọwọ́ méjèèjì sí àwọn ọdẹ kí wọ́n dè é.

"Àsìkò oògùn yín ti tó, Bàbá," ó ń sunkún. "Wọn ò jí mi gbé. Èmi ni mo mú wọn wálé."