Níbo Ni Hàwáwù Ń Gbé Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Sí?

Ọmọ náà mu ọmú ní ìrọ̀lẹ́, ó rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀, kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti kú. Kò yàgbẹ́, kò bì, ara rẹ̀ kò gbóná. Mọ̀núrù ni orúkọ rẹ̀, oṣù mẹ́ta péré ló lò láyé. Ọjọ́ kejìlélógún ààwẹ̀, ní ọdún 1955, ni wọ́n sin ín. Wọn kò tíì fọ erùpẹ̀ ọwọ́ wọn tán tí agboolé náà, lẹ́yìn Ìgà Ìdúngànràn, fi rí ẹni tó pa á.

Hàwáwù ni wọ́n mú. Òun ni ìyáálé nílé Gàníyù, ó ti lé díẹ̀ ní àádọ́ta ọdún, aṣọ ló ń tà ní Ọjà Balógun. Memunat, ìyàwó kékeré, ló bí ọmọ tó kú. Ẹni a lè mú là ń lẹ̀dí mọ́, kò sì sí ẹni tó rọrùn láti mú tó obìnrin tó ń dàgbà.

Ẹ gbọ́ ẹ̀rí wọn. Gbogbo obìnrin agboolé ló jọ ń dáná sààrì. Bí nǹkan oṣù bá dé bá ẹnì kan, kò ní gbààwẹ̀, wọn á bu oúnjẹ ọ̀sán pamọ́ fún un ní ìdí ààrò, á wá san ọjọ́ rẹ̀ padà lẹ́yìn ọdún ìtúnu. Ṣùgbọ́n léṣìí àti lọ́dún yìí, Hàwáwù kò jẹ ẹyọ ààwẹ̀ kan, gbogbo rẹ̀ ló gbà.

"Ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀ dà?" Memunat ń pariwo fún àwọn aládùúgbò. "Kò lóyún, kò sì rí nǹkan oṣù! Ó ti kó o fún ẹgbẹ́ rẹ̀ lálẹ́. Nígbà tí tirẹ̀ tán, ó kan ti ọmọ mi!"

Ó tún ní òun fi ojú ara òun rí i. Kí wọ́n tó jí fún sààrì, Hàwáwù a máa jáde lọ sí ìdí kànga nínú òkùnkùn, á da omi sórí, á jókòó pẹ̀lú bùbá tó ti rin gbingbin, àwọn àdán á sì máa fò yí igi fúrúùtù tó wà lókè orí rẹ̀ ká. Ní òru tí Mọ̀núrù kú, ibẹ̀ náà ló wà, ẹyẹ kan sì ké. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí. Kí ni wọ́n tún ń wá?

Hàwáwù fúnra rẹ̀ ń bẹ̀rù. Ooru kan a máa dìde láti àyà rẹ̀ lọ sí ọrùn àti orí, ọkàn rẹ̀ á máa lù kìkìkì, òógùn á bò ó. Oorun ti dá lójú rẹ̀. Orúnkún ń ro ó. Á máa ná aṣọ lọ́wọ́, á gbàgbé iye tó pè é. Inú sì ń bí i sí ohun tí kò tó nǹkan. Ọjọ́ méjì kí ọmọ tó kú, ó ti jágbe mọ́ Memunat pé, "Gbé ọmọ rẹ kúrò lára mi, ooru ń pa mí!" Ó wá ń bi ara rẹ̀ bóyá ènìyàn lè jẹ́ àjẹ́ kó má mọ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Gàníyù pe ẹbí jọ sí àgbàlá. Àlùfáà Bùsàrí jókòó pẹ̀lú Kùránì lórí itan.

"Ìyá Jíbrílù, kó ẹrù rẹ," Gàníyù sọ. "Kí a tó ṣínu, kí n má rí ọ nílé yìí mọ́."

"Ilé tí mo bímọ márùn-ún sí?"

"Kó lọ!" Memunat kígbe. "Apọmọjẹ!"

Hàwáwù yíjú sí Àlímọ̀t, ìyá ọkọ rẹ̀. "Ìyá, ẹ gbà mí. Ara mi ń jó bí iná, mi ò mọ ohun tó ń ṣe mí."

Ìyá àgbà náà gbé tẹ̀sùbáà rẹ̀ sílẹ̀. "Gàníyù, nígbà tí mo tó ọjọ́ orí rẹ̀, ìdí kànga yẹn ni mo ń sùn. Ọdún mẹ́rin ni ooru yẹn fi bá mi jà. Nǹkan oṣù mi ló ń dá. Kò sí obìnrin tó pẹ́ láyé tí tirẹ̀ kò ní dá. Bí ìyẹn bá jẹ́ àjẹ́, ọmú àjẹ́ lo mu dàgbà. Ó yá, èmi ni kí o kọ́kọ́ lé!"

Gàníyù yíjú sí àlùfáà.

"Àlùfáà," ni Àlímọ̀t wí, "ṣé Kùránì kò dárúkọ obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti dá ni?"

Àlùfáà nu ojú. "Ó wà níbẹ̀, Ìyá. Wọn ò bi mí ni."

Ìgbà náà ni Hàwáwù bú jáde. "Wọn ò bi yín! Ìyá, ẹ̀yin náà mọ̀, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ọjọ́ márùn-ún pè mí ní àjẹ́ lójú àwọn ọmọ mi!"

"Ojú ló tì mí," ni obìnrin arúgbó náà dáhùn. "Àwọn ìyá wa kì í sọ ọ́. Mo jẹ̀bi."

"Kí ló wá pa ọmọ mi?" Memunat bú sẹ́kún.

"N kò mọ̀," Hàwáwù sọ. "Èmi náà sunkún rẹ̀, ẹ ò jẹ́ kí n sún mọ́ ọn."

Gàníyù dìde. "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ ti parí. Ẹ máa lọ."

"Kò parí." Hàwáwù dúró sí ẹnu ọ̀nà. "Títì gbọ́ nígbà tí ẹ bú mi. Kí títì gbọ́ èyí náà."

Gàníyù wo ìyá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ na ọwọ́ sí ìta. Ọkùnrin náà bọ́ síta láàárín àwọn tó ń ti mọ́sáláṣí bọ̀, ó kùn sí àyà ara rẹ̀ pé, "Ìyàwó mi kì í ṣe àjẹ́."

"A ò gbọ́," ni Hàwáwù wí.

"Ìyàwó mi kì í ṣe àjẹ́! A purọ́ mọ́ ọn ni!"

Àwọn ènìyàn dúró, wọ́n ń wò ó. Òógùn bo Hàwáwù láti orí dé àyà, kò sì nù ún.

"Tún un sọ," ó wí.