Ihò Tí Delmer Gayheart Fi Kàlẹ́ńdà Bò

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹjọ ọdún 2016, kùrukùru bo àfonífojì Bearpen, ní ìhà ìlà-oòrùn ìpínlẹ̀ Kentucky, títí di nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀. Lẹ́yìn náà oòrùn là, ooru sì mú. Nígbà tí ó di aago mẹ́ta ọ̀sán, òjò dé pẹ̀lú àrá. Ó ń lu òrùlé páànù débi pé ẹni méjì tí ó wà nínú yàrá kan náà kò lè gbọ́ ara wọn. Òjò yìí ni kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ohun tí ó ṣẹlẹ̀.

Ilé méjì péré ni ó wà ní ìparí àfonífojì náà. Delmer Gayheart, ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta, ni ó ń gbé inú ọ̀kan. Opó kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, Ova Stidham, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àǹtí Ova, ni ó ń gbé inú èkejì. Ilé pákó ni méjèèjì, ògiri wọn kò nípọn. Ọgbà tòmátì Àǹtí Ova nìkan ni ó là wọ́n láàrin.

Ọdún mẹ́jọ ṣáájú ọjọ́ náà, ọkùnrin kan yọ ọ̀bẹ sí Delmer ní ilé epo. Kò gún un. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni ẹ̀rù ti bá a dé ilé, kò sì jáde mọ́ láìfi ìbọn ìléwọ́ pamọ́ sí ara rẹ̀. Ó ń gbé e lọ sí ọjà. Ó ń gbé e lọ sí ọ̀dọ̀ onígbàjámọ̀. Ó tilẹ̀ ń gbé e lọ da ilẹ̀ nù.

Irú ìbọn tí ilé ọta rẹ̀ rí róbótó, tí ó máa ń yí bí a ti ń yìn ín, ni ó fẹ́ràn. Ó mọ èyí tí ó fúyẹ́ jù, tí í máa gbá ọwọ́ padà. Ó mọ èyí tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ yọ síta, tí yóò há mọ́ ẹnu àpò nígbà tí ènìyàn bá ń kánjú. Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ yan èyí tí yóò máa gbé sára lójoojúmọ́, ohun tí àwọn ará àdúgbò máa ń sọ ni pé, “Lọ bi Delmer.” Ọ̀rọ̀ yìí dùn mọ́ ọn nínú ju oúnjẹ lọ.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, Arlis Noble, tí ó jẹ́ díákónì. Ní ọjọ́ kan Arlis bi í pé, “Ìbọn mélòó lo ti ní báyìí?”

“Méje.”

“Ẹ̀rù yẹn ńkọ́? Ṣé ó ti dín?”

Delmer rẹ́rìn-ín. “Ìwọ gbé Bíbélì ẹ, jẹ́ kí n gbé tèmi. Ká wo ẹni tó máa kọ́kọ́ yọ tiẹ̀ bí olè bá dé.”

“Tèmi ò lè há sápò ní tiẹ̀,” ni Arlis wí. Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tí mo wí yìí, Delmer gbé ìkẹjọ wá sí ilé. Oṣù márùn-ún ni ó fi yàn án. Ó kúrú, irin ẹ̀yìn rẹ̀ wà ní inú, kò sí ohun tí ó lè há mọ́ aṣọ. Ọta márùn-ún ni ó ń gbà, kì í ṣe mẹ́fà.

Àwọn tí ń gbé irú ìbọn yìí ní àṣà kan. Nítorí pé ó le láti fà, wọn a yọ gbogbo ọta kúrò, wọn a kọjú ìbọn òfìfo sí ògiri, wọn a sì máa fà á títí ìka yóò fi mọ̀ ọ́n. Bẹ́ẹ̀ ni Delmer ṣe. Ó to ọta márùn-ún sí orí tábìlì. Ó kọjú ìbọn sí ibi tí a ti ń tan iná lára ògiri, ó fà á lẹ́ẹ̀mẹwàá, ó fà á lógún ìgbà. Òjò ń rọ̀.

Fóònù dún. Ọkùnrin kan ni, tí ó fẹ́ ra ìbọn fún ìyàwó rẹ̀.

“Má ra èyí tó fúyẹ́ jù fún un o,” ni Delmer wí. “Á máa dun ọwọ́ ẹ̀, kò sì ní fi kọ́ra. Á kàn jù ú sínú báàgì ni. Òun ni kó yàn án, kì í ṣe ìwọ. Ṣé o gbọ́ mi? Ẹni tó máa gbé e ló ń yàn án.”

Ìmọ̀ràn rere ni. Ṣùgbọ́n bí ẹnu rẹ̀ ti ń sọ ọ́, ọwọ́ rẹ̀, tí ó ti ṣe iṣẹ́ kan náà fún ọdún mẹ́jọ, ń kó ọta márùn-ún padà sí inú ìbọn. Ojú rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ọkàn rẹ̀ kò sí níbẹ̀.

Ó gbé fóònù sílẹ̀, inú rẹ̀ sì dùn sí bí òun ti sọ̀rọ̀. Ó wí ní ọkàn rẹ̀ pé, “Ẹ̀ẹ̀kan sí i.” Ó kọjú sí ibi ìtanná, ó sì fà á.

Nígbà tí etí rẹ̀ dẹ́kun híhó, ó rí ihò náà. Kò tóbi ju orí ìka kékeré lọ. Ó wo inú rẹ̀, ó rí ọgbà tòmátì nínú òjò, ó sì rí ihò mìíràn lára ògiri ilé Àǹtí Ova, ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé rẹ̀.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ohun tí ó yẹ kí ó ṣe yé ọ. Ó yé òun náà. Ìṣísẹ̀ bí ọgbọ̀n péré ni. Ṣùgbọ́n ó rò ó pé, “Èmi tí wọ́n ń wá bi léèrè!” Ó já kàlẹ́ńdà kúrò ní ẹ̀yìn ilẹ̀kùn, èyí tí ó ní àwòrán ẹṣin, ó sì fi bo ihò náà.

Ní Ọjọ́rú, Àǹtí Ova kò jáde sí ọ̀ọ̀dẹ̀. Kò sí àárọ̀ kan tí kì í jáde láti da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí sí ìdí tòmátì rẹ̀. Ológbò rẹ̀ jókòó ní ẹnu ọ̀nà, ó ń ké. Nígbà tí oòrùn gòkè, ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò náà wọlé, ó sì hàn lára kàlẹ́ńdà, ní ọrùn ẹṣin, bí ojú kan tí kò ṣẹ́. Delmer yí àga rẹ̀ padà, ó kẹ̀yìn sí i. Ẹ̀yìn rẹ̀ sì mọ̀ pé ó wà níbẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, kò jẹun. Ológbò náà ṣì ń ké. Ìbọn náà wà lórí tábìlì, ọta mẹ́rin nínú rẹ̀, pẹ̀lú èèpo ọta kan tí ó ti yìn. Kò lè fọwọ́ kàn án.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, Arlis kan ilẹ̀kùn. “Ṣó o ti rí Àǹtí Ova? Wọn ò wá sípàdé àdúrà l'Ọjọ́rú. Mo pè wọ́n, fóònù ń dún lásán. Mo rò pé ọmọ wọn ló wá mú wọn, àmọ́ ọmọ náà ló pè mí láàárọ̀ yìí, ó ń wá wọn.”

“Mi ò rí wọn.”

“Ìwọ? Ìwọ tó ò ń ṣọ́ gbogbo ọkọ̀ tó bá wọ àfonífojì yìí, o ò wá rí arúgbó kan ṣoṣo?” Arlis yí padà. “Ó dáa, jẹ́ kí n lọ kànlẹ̀kùn.”

Ó ti dé àárín tòmátì kí Delmer tó kígbe. “Arlis! Èmi ni.”

“Ìwọ ni kí ni?”

Delmer fi ọwọ́ pè é padà. Ó mú un wọlé, ó sì ṣí kàlẹ́ńdà kúrò lára ògiri. Arlis fi ojú sí ihò náà. Ó pẹ́ kí ó tó nàró.

“Láti ìgbà wo?”

“Ìṣẹ́gun.”

“Ẹtì lòní, Delmer!”

“Mo mọ̀. Mo rò pé... bí mo bá kànlẹ̀kùn tí wọn ò dáhùn, ó ti dòótọ́ nìyẹn.”

Arlis wò ó. Kò bú u. “Wọ bàtà ẹ,” ni ó wí. “Ìwọ lo máa kan ilẹ̀kùn yẹn. Èmi á dúró tì ẹ́.”

Ní àárín ọgbà, ọwọ́ Delmer lọ sí àpò rẹ̀. Àpò náà ṣófo. Ọdún mẹ́jọ nìyẹn tí kò tíì rìn bẹ́ẹ̀ rí.

Ó kan ilẹ̀kùn. Kò sí ìdáhùn. Ó tún kàn án. Nígbà náà ni ó gbé ẹnu sí ara pákó, ó sì wí pé, “Àǹtí Ova, Delmer ni. Èmi ni mo yìn ín. Mi ò mọ̀-ọ́n-mọ̀ yìn ín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá mi lóhùn.”

Ohùn kan dáhùn láti ìsàlẹ̀, ní ìtòsí ilẹ̀. “Ṣé wọ́n ti lọ?”

“Àwọn wo, mà?”

“Àwọn tó ń yìnbọn.”

Wọ́n ti ilẹ̀kùn, ó sì ṣí. Àǹtí Ova wà lórí ilẹ̀ pẹ̀lú kúbùsù, ẹ̀yìn rẹ̀ lára kọ́bọ́ọ̀dù. Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni kò ti nàró, nítorí pé ó rò pé bí orí òun bá kọjá fèrèsé, wọn yóò tún yìn ín. Fóònù rẹ̀ wà lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kan náà. Ẹ̀wà tútù tí ó wà nínú èèpo ni ó ń jẹ, láìsè é. Ihò sì wà lára àga aláwọ̀ ewé rẹ̀, ní ibi tí orí ènìyàn í máa wà.

“Èèpo ẹ̀wà ni mò ń bó lórí àga yẹn,” ni ó wí. “Ọ̀kan bọ́. Mo tẹríba láti ṣà á, ni ọta bá gba òkè orí mi kọjá.”

Delmer wólẹ̀ lórí eékún rẹ̀. Àǹtí Ova fi ìnuwọ́ gbá a ní èjìká lẹ́ẹ̀mejì. “Ọjọ́ mẹ́ta! Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń rákò nínú ilé ara mi bí alángbá, ìwọ sì wà lọ́hùn-ún! Àbí o ò lẹ́sẹ̀ ni?”

Lẹ́yìn náà ó gbé ìnuwọ́ náà sílẹ̀. “Mo ṣe bí ẹni tó fẹ́ pa mí ni. Mi ò morúkọ ẹ̀. Mo kàn ń wí pé, ‘Olúwa, ẹni yẹn, dárí jì í, má jẹ́ kó tún yìn ín.’ Ìwọ wá ni ‘ẹni yẹn’.”

“Ẹ má dárí jì mí, Àǹtí.”

“Ó ti bọ́ lẹ́nu mi. Mo ti sọ ọ́ tán kí n tó mọ̀ pé ìwọ ni. Ṣé o fẹ́ kí n lọ gbà á padà lọ́wọ́ Ọlọ́run ni?”

Nígbà náà ni ọkàn Delmer fọ́. Àdúrà tí ó gbà kò gùn. Arlis gbọ́ ọ, Àǹtí Ova sì gbọ́ ọ: “Jésù, èmi ni ẹni yẹn. Gbà mí.”

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, ó lọ sọ́dọ̀ ọlọ́pàá pẹ̀lú Arlis, ó sì sọ gbogbo rẹ̀. Ó gba ìdájọ́ rẹ̀ láìjiyàn. Ó dí ihò ara ògiri méjèèjì. Àǹtí Ova kò jẹ́ kí ó dí ti àga. N kò ní purọ́ fún ọ pé ẹ̀rù tán lára rẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ó sọ fún mi pé ọwọ́ òun ṣì máa ń lọ sí àpò nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n nígbà tí kò bá bá nǹkan kan níbẹ̀, òun a pe orúkọ Jésù.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Kí ni o fi pamọ́ sára tí o gbẹ́kẹ̀ lé? Ó lè má jẹ́ irin. Ó lè jẹ́ oògùn ìṣọ́ra ní abẹ́ aṣọ, tàbí orúkọ ènìyàn ńlá kan tí o mọ̀, tàbí ẹnu rẹ tí ó dùn. Ìbéèrè mi kejì ni ó wúwo jù: níbo ni ihò náà wà nínú ilé rẹ, kí sì ni o fi bò ó? Bóyá ẹnì kan wà lórí ilẹ̀ ní ìsinsìnyí nítorí ohun tí o ṣe tí o kò jẹ́wọ́.

O ń sọ pé, “Bí mo bá kan ilẹ̀kùn tí kò sí ìdáhùn ńkọ́?” Gbọ́: kí a tó bí ọ ni Jésù ti bẹ Baba lórí igi àgbélébùú fún irú àwa. Ìdáríjì náà ti jáde lẹ́nu Rẹ̀. Má ṣe dúró di ọjọ́ Ẹtì. Ṣí kàlẹ́ńdà náà kúrò lónìí. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà, kí o sì wí pé, “Èmi ni ẹni yẹn.”

Àwọn tí ó wà nínú yàrá náà ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹjọ, ní nǹkan bí aago mọ́kànlá àárọ̀, ni ìwọ̀nyí: Ova Stidham, lórí ilẹ̀, Delmer Gayheart, lórí eékún rẹ̀, Arlis Noble, ní ẹnu ọ̀nà, àti ológbò náà, tí ó bá wọn wọlé. Àga aláwọ̀ ewé náà wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Kò sí ẹni tí ó jókòó lórí rẹ̀.