Ẹni Tó Ń Bá a Ṣe Àmín

Bàbá rẹ̀ gbàdúrà kan lórí kọ̀ǹpútà, ẹnì kan sì ṣe àmín kí Sofiyullah tó la ẹnu.

Ó wẹ̀yìn. Kò sí ẹnì kankan nínú mọ́tò tó ń gbé. Bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ wà níbẹ̀, sítóòfù gáàsì kékeré, àpò sìmẹ́ńtì méjì lẹ́bàá ilẹ̀kùn, àti òjò tó ń kán tótó sórí òrùlé. Ó ní bóyá ohùn òun ló lọ tó padà bọ̀. Àmọ́ ohùn tó bá lọ tó padà bọ̀, ẹ̀yìn ni í dé. Kì í ṣáájú ẹni tó ni ín.

Ọdún 2007 ni. Lásìkò yẹn, ilé tuntun ń hù káàkiri Ireland bí olú, iṣẹ́ sì pọ̀ fún ẹni tó bá mọ táìlì í lẹ̀. Sofiyullah mọ̀ ọ́n lẹ̀ dáadáa. Ó fi Ikram ìyàwó rẹ̀ àti Ihsan ọmọ wọn sílẹ̀ ní Hartstown ní Dublin, ó ra ògbólógbòó mọ́tò kan tí wọ́n ṣe bí ilé sí nínú, irú èyí tí àwọn òyìnbó fi ń lọ gbafẹ́, ó sì ń gbé inú rẹ̀ láti ibi iṣẹ́ kan dé òmíràn. Ohun kan ló ń dà á láàmú nínú ìrìn àjò yìí, íńtánẹ́ẹ̀tì ni. Bàbá rẹ̀ ń ṣàìsàn ní Ìwó, ó sì ti sọ pé òun kò ní súre ìkẹyìn fún àkọ́bí òun lórí fóònù. Ojú ọmọ òun lòun fẹ́ máa wò. Nítorí náà ni Mọ́nsúrátù, àbúrò Sofiyullah, ṣe ń gbé kọ̀ǹpútà ọkọ rẹ̀ wá síwájú bẹ́ẹ̀dì bàbá, kí wọ́n lè máa rí ara wọn.

Sofiyullah ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà láti fi rí íńtánẹ́ẹ̀tì. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, pàápàá tó bá ti jáde ní Dublin, ojú bàbá á dúró gbagidi, ẹnu rẹ̀ á là sílẹ̀ bí ẹnu òkú, ohùn á sì já. Lóṣù kẹsàn-án, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní Finglas, ó páàkì sí ìparí òpópónà ilé tuntun kan, ó sì rí íńtánẹ́ẹ̀tì onílé kan tí wọn kò fi pásíwọ́ọ̀dù tì pa. Orúkọ tí wọ́n fún un kò ju nọ́ńbà lọ: 41. Ó tẹ̀ ẹ́. Ojú bàbá mọ́ kedere, àfi bí ẹni pé wọ́n jọ jókòó.

Nígbà tó sọ fún Ikram, ìyẹn bi í pé ta ló ni ín. Ó ní òun kò mọ̀, àmọ́ wọn kò tì í.

"Tí ilẹ̀kùn aládùúgbò bá ṣí sílẹ̀, ṣé ọbẹ̀ rẹ̀ ti di tiwa nìyẹn, Bàbá Ihsan?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun kò bu nǹkan kan kúrò lára ohun olóhun. Bí olè ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nìyẹn kó tó mọ̀ pé olè lòun. Ilé nọ́ńbà 41 kò jìnnà sí i ju ogún ìṣísẹ̀ lọ. Kó kan ilẹ̀kùn, kó sọ pé ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀. Kò lọ.

Iṣẹ́ Finglas parí, ó wa mọ́tò lọ sí Wexford. Ó páàkì sétí òkun, níbi tí kò sí ilé kankan. Ó ṣí kọ̀ǹpútà, 41 wà níbẹ̀, ó sì lágbára bíi ti tẹ́lẹ̀. Inú rẹ̀ dùn. Ó dé Mullingar, ó tún bá a níbẹ̀. Nígbà tó bá a ní Galway, inú rẹ̀ kò dùn mọ́. Ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàkíyèsí àwòrán ara rẹ̀ nígun kọ̀ǹpútà, pé ó ń ṣẹ́jú nígbà tí òun kò ṣẹ́jú. Ó di èémí mú láti wò ó dáadáa. Àyà ẹni inú àwòrán ń lọ sókè, ó ń bọ̀ sílẹ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ní Galway yìí náà ló ti gbọ́ àmín yẹn. Ó pa kọ̀ǹpútà náà, kò sì ṣí i mọ́.

Lọ́jọ́ kejì, Mọ́nsúrátù pè é lórí fóònù.

"Bọ̀dá mi, ẹ ṣeun gan-an o. Bàbá gbádùn yín lánàá nígbà tí ẹ padà wá. Ẹ jókòó tì wọ́n títí di ìrun Àsárì."

Sofiyullah kò padà lọ bá ẹnikẹ́ni. Balùwẹ̀ olówó kan ló wà títí ilẹ̀ fi ṣú, tó ń lẹ táìlì. Ó fẹ́ sọ ọ́, ìtìjú mú un. Ibo ni yóò ti bẹ̀rẹ̀? Ó kàn béèrè ohun tí bàbá wí.

"Wọ́n ní lọ́jọ́ Jímọ̀, ní agogo mẹ́ta, àwọn á súre fún yín." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Gbogbo rẹ̀ pátá. Wọ́n ní àwọn ò ní pẹ́ mọ́."

Láàárọ̀ Jímọ̀, ó ti wà ní Parnell Street ní Dublin, lọ́dọ̀ Alhaji Mọ̀múdù tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe. Alhaji kọ́kọ́ fi í ṣe yẹ̀yẹ́, ó ní ẹni tó bá ń fi sàdíìnì inú agolo sùn lójoojúmọ́, kò ní ṣàì rí àlùjọ̀nnú. Ṣùgbọ́n nígbà tó gbọ́ ti Wexford, ó fi irinṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ lélẹ̀.

"Íńtánẹ́ẹ̀tì onílé kì í sọdá títì, Sofi. Ǹjẹ́ o tọrọ ẹ̀ lọ́wọ́ wọn?"

Sofiyullah gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sínú àpò.

"Lọ bẹ̀ wọ́n kó tó di agogo mẹ́ta. Ìwọ lo kọ́kọ́ wọlé onílé."

Ó kírun Jímọ̀, ó sì gba Finglas lọ. Èrò ọkàn rẹ̀ ni pé tóun bá ti tọrọ àforíjì tán, òun á fi ẹ̀rọ òun tí òun fowó ara òun rà pe bàbá. Agogo mẹ́ta ku ìṣẹ́jú márùn-ún ló débẹ̀. 41 ni ilé tó gbẹ̀yìn. Kò sí kọ́tìnì, bébà àwọn tó ṣe fèrèsé ṣì wà lára gíláàsì, eruku ilé tuntun sì bo ẹnu ọ̀nà láìsí ojú ẹsẹ̀ kankan nínú rẹ̀.

Ìyá òyìnbó kan ń ti ike ìdọ̀tí jáde ní ilé kejì. Ó kí Sofiyullah bí ẹni tó ti mọ̀ ọ́n tipẹ́, ó bi í bóyá ó gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ni, nítorí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i tó wọlé. Ó ní aládùúgbò tó dára ni, kì í pariwo, àfi ohùn rẹ̀ àti ti bàbá arúgbó kan tí àwọn máa ń gbọ́ lókè.

Agogo mẹ́ta ti lù nígbà tí Sofiyullah pe Ìwó.

"Ta nì yẹn?" Mọ́nsúrátù ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè padà. Bàbá ń ṣàdúrà fún bọ̀dá mi lọ́wọ́."

"Mọ́nsúrá, èmi nìyí. Èmi ni bọ̀dá ẹ."



"Mo ń wo bọ̀dá mi lórí kọ̀ǹpútà," ni Mọ́nsúrátù wí. "Omi ń bọ́ lójú wọn." Fóònù sì já.

Ìgbà náà ni Sofiyullah gbọ́ ọ láti òkè ilé. Ohùn bàbá rẹ̀ ni, pẹ̀lú ikọ́ rẹ̀. Ó ń ki oríkì ọmọ rẹ̀, ó ń sọ pé ibi tó bá fẹsẹ̀ tẹ̀ yóò rọ̀ ọ́ lọ́rùn, pé àwọn ọmọ rẹ̀ ni yóò sin ín. Sofiyullah tẹ́wọ́, ó kígbe àmín. Ẹni tó wà lókè ti ṣe é ṣáájú. Ó tún ṣe é, ẹni náà tún ti ṣáájú.

Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó fi ìka ṣí ihò tí wọ́n ń ti lẹ́tà sí lára ilẹ̀kùn, ó gbé ẹnu lé e.

"Ẹ dákun, ẹ foríjì mí. Mo lo ohun yín, mi ò tọrọ."

Ẹsẹ̀ kan rọra ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ó dúró lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Èémí kan fẹ́ jáde láti ihò náà, ó tutù. Ohùn tó sì dáhùn, ohùn Sofiyullah ni.

"Èmi náà ò tọrọ."

Lókè, bàbá dá àdúrà dúró. Ó béèrè ibi tí ọmọ òun lọ.

"Mo ń bọ̀, Bàbá," ni ẹni náà wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gun òkè padà.