Ìkòkò Ẹja Rasmie

Inú omi òkun ni Osla dúró sí títí dé orúnkún nígbà tí Lowrie kọ́kọ́ rí i, ìgò lọ́wọ́, ìbòmú lójú, irun rẹ̀ pupa fòò nínú afẹ́fẹ́ erékùṣù Shetland.

"Arẹwà, omi òkun lẹ fẹ́ máa tà ni?"

"Ṣé ẹ máa rà? Epo wà nínú ẹ̀, ọ̀fẹ́ sì ni epo náà."

Bí ìfẹ́ wọn ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, lọ́sẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi tó kó epo rọ̀bì fọ́ mọ́ àpáta létí èbúté wa. Ìjì jà, oòrùn yọ, a ò rí epo lójú omi mọ́. Gbogbo wa ń yọ̀, àwa òpè! Osla nìkan ni àyà rẹ̀ ń já. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti yẹ omi wò. Ó mọ̀ pé èyí tó fúyẹ́ nínú epo ti di oru lọ, ṣùgbọ́n èyí tó yòrò sínú omi ṣì wà níbẹ̀, ojú ni kò rí i.

Rasmie, bàbá Lowrie, ní kí Osla wá jẹun kí òun tó fọwọ́ sí ìgbéyàwó wọn. Ẹja tó pa láàárọ̀ ló gbé kaná. Nílé apẹja, ẹni tó bá kọ ẹja onílé ti kọ onílé náà.

Osla dìde dúró. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò lè jẹ ẹ́. Lowrie náà ò gbọdọ̀ jẹ ẹ́."

"Ọmọ yìí, èmi lò ń bá sọ̀rọ̀? Mo ti ń jẹ nínú omi yìí kí wọ́n tó bí ẹ! Mo wò ó, ó mọ́. Mo gbóòórùn ẹja yẹn, kò rùn!"

"Òtútù ni ò jẹ́ kó rùn, Bàbá. Iná á lé òórùn epo náà jáde. Ẹ ṣí ìkòkò yẹn."

Ó fi ìbínú ṣí i. Oru tú jáde, òórùn kẹrosíìnì gba gbogbo ilé ìdáná. Rasmie jókòó bí ẹni tí wọ́n túfọ̀ fún.

"Mo gbé! Kí lọmọ mi á fi bọ́ ìyàwó?"

Osla di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Owó oṣù mi á bọ́ wa. Ẹ fa ọkọ̀ yín gòkè, ẹ má pẹja tà mọ́. Ká máa fi ìwọ̀ mú ẹja kan sè ní gbogbo ọjọ́ Ìsinmi. Ọjọ́ tí ìkòkò bá ń ta òórùn ẹja nìkan, ẹ so wá pọ̀."

"Tí ọjọ́ yẹn ò bá wá ńkọ́?" Ẹ̀rù wà lóhùn Lowrie.

"A jọ máa darúgbó nídìí ìkòkò nìyẹn, ìfẹ́ mi."

Ìgbà òtútù dé, ó lọ. Gbogbo ọjọ́ Ìsinmi, wọn á ṣí ìkòkò pẹ̀lú ìpayà, kẹrosíìnì á kí wọn. Títí di ọjọ́ kan tí Rasmie ki gbogbo ojú rẹ̀ bọ inú oru náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ débi pé Osla di Lowrie mú gírígírí.

Nígbà tó gbójú sókè, omijé ló wà lójú rẹ̀. Ó bu ẹja, ó gbé e síwájú Osla.

"Ìyàwó mi, jẹun. Bàtà tí mo máa wọ̀ lọ sílé àlùfáà tó máa so yín pọ̀ ni mo ń wá."