Títí Ọmọ Náà Yóò Fi Rí Bàbá Rẹ̀

Ọkùnrin kan ni Kinuko, ọmọbìnrin tó wá wáṣẹ́ nílé ayàwòrán, kọ́kọ́ rí lábẹ́ tábìlì, ó nà gbalaja, yíǹkì dúdú kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Kinuko rò pé ọmọ iṣẹ́ ni.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀gá ńkọ́?"

"Ọ̀gá ń sùn," ni ọkùnrin náà dáhùn láìlajú.

"Ẹ̀yin wá ńkọ́?"

"Èmi ni mò ń bá a sùn ún."

Kinuko bú sẹ́rìn-ín. Àfi bí ọkùnrin náà ṣe dìde, tó gbé gègé lé e lọ́wọ́: "Ó yá, ya òrùlé kan kí n wò ó." Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu rẹ̀. Ṣigeru gan-an nìyí!

Ṣigeru, a-fi-yíǹkì-bọ́jú, a-fi-gègé-rìn-dé-ibi-ẹsẹ̀-ò-dé. Ní gbogbo Tókíò nígbà náà, ta ni kò mọ ìtàn àwòrán rẹ̀? Ọmọdékùnrin kan ló ń fẹsẹ̀ rin inú yìnyín láti ìlú dé ìlú, tó ń wá bàbá rẹ̀ tó sọnù. Ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ló ń jáde nínú ìwé ìròyìn. Láti ilé-ẹ̀kọ́ girama ní Akita ni Kinuko ti ń kà á, ó sì ti sunkún lé e lórí ju bó ti sunkún nílé òkú lọ.

Wọ́n gbà á síṣẹ́. Ó ń ya òrùlé, igi àti ilẹ̀kùn. Ṣigeru ń ya ènìyàn. Bí yíǹkì bá kún ọwọ́ ọ̀gá, Kinuko a mú ìrẹsì tí wọ́n fọwọ́ dì roboto, a fi sí i lẹ́nu.

"Ọwọ́ yín ti di ti alágbẹ̀dẹ."

"Ẹnu mi wá ńkọ́?"

"Ẹnu ọmọ ẹyẹ ni. Ẹ yà á."

Ibẹ̀ ni ìfẹ́ ti wọlé. Ìfẹ́ kì í kúkú tọrọ àyè. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ṣigeru gbé gègé sílẹ̀, ohun tí kì í ṣe.

"Kinuko, àyànfẹ́ mi, jẹ́ ká fẹ́ra. Bí ọmọ yìí bá ti rí bàbá rẹ̀, ìtàn parí, mo ráyè, a ó lọ kí màmá rẹ. Kò pẹ́ mọ́. Ó ti dé ìlú tí bàbá náà wà."

Ayọ̀ ò jẹ́ kí Kinuko lè jẹun lọ́jọ́ náà.

Ọmọ inú ìtàn náà dé ẹnu ọ̀nà, ó kanlẹ̀kùn. Ọ̀sẹ̀ yẹn ni Hatano, olóòtú ìwé ìròyìn náà, sáré dé, àpò ìbò àwọn òǹkàwé lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ tún gbapò kìíní! Ẹ jọ̀ọ́, ta ló wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn yẹn?"

"Bàbá rẹ̀."

"Háà! Ẹ má dán an wò. Ta ní í pa adìyẹ tó ń yé? Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹni tó jọ ọ́."

Ṣigeru wo Kinuko. Kinuko wolẹ̀. Àjèjì ló ṣílẹ̀kùn. Ọmọ náà tún gbẹ́rù ẹ̀, ó di ìlú mìíràn, bẹ́ẹ̀ ọdún ń gorí ọdún. Ohun tó dun Kinuko jù ni pé bí ọkàn rẹ̀ ti ń bàjẹ́ tó, òǹkàwé tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń fẹ́ mọ ọ̀nà tó kàn.

Nígbà tó yá, màmá rẹ̀ wọkọ̀ ojú irin wá láti Akita, ó di èso ápù dání. Ó kúnlẹ̀ jókòó.

"Ọ̀gbẹ́ni, ẹ ṣeun lórí ọmọ mi. Tíṣà kan wà ládùúgbò wa, ìyàwó rẹ̀ ti kú, ènìyàn jẹ́jẹ́ ni. Ó ń béèrè Kinuko. Tẹnu yín ni mo wá gbọ́. Ìgbà wo lẹ ó fẹ́ ẹ?"

"Màmá, bí ìtàn náà bá ti parí."

"Ta ló ń kọ ọ́?"

Ṣigeru tẹjú mọ́ gègé ọwọ́ rẹ̀.

"Ṣé ẹ̀yin kọ́ ni? Ọmọ mi kì í ṣe ẹ̀wà tí wọ́n bò sínú àgbá kó kan o, tó ń dùn sí i bó ti ń pẹ́."

Màmá lọ sílé àlejò. Ṣigeru fa bébà, ó yàwòrán bí ẹni tí ń jà. Bàbá jáde, ọmọ dì mọ́ ọn, ìtàn parí.

"Ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé ló ń lọ tààrà, Hatano ò ní rí i. Wò ó, olólùfẹ́. Ó dára, àbí?"

Kinuko wò ó. Bàbá inú àwòrán náà kò ní ojú bàbá. Ọmọ dì mọ́ ọn bí ẹni dì mọ́ òpó. Kó ṣáà ti ní "ó dára", ó ti dìyàwó nìyẹn. Ahọ́n rẹ̀ kọ̀.

"Kò dára, Ọ̀gá."

"Kinuko!"

"Irọ́ ni. Ọmọ yẹn ò rin gbogbo yìnyín yẹn nítorí irú bàbá yìí."

"Mo mọ̀," ni Ṣigeru wí. "Mo fẹ́ kó o bá mi purọ́ ni."

"Bí mo bá bá yín pa irọ́ náà, ẹ ó kórìíra mi lọ́la."

"Bí mo bá tún un yà, ṣé wàá dúró?"

"Ibi tí bàbá yẹn wà ṣì jìnnà, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n. Èmi lè dúró. Màmá mi ti dàgbà, kò lè dúró mọ́." Ó nu gègé rẹ̀, ó gbé e kalẹ̀. "Ẹ má pè mí padà o, nítorí màá jẹ́ ìpè yín."

Kò pè é. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ kí òtítọ́ gba olólùfẹ́ wa lọ́wọ́ wa.

Tíṣà náà fẹ́ ẹ, ó sì ṣe ọkọ dáadáa. Lọ́sẹ̀ ọ̀sẹ̀, Kinuko a ra ìwé ìròyìn náà níbùdókọ̀ ojú irin, a kà á ní ìdí ààrò kó tó gbé ìrẹsì kaná. Ìlà ọwọ́ Ṣigeru ló ń wò níbẹ̀: bóyá ara rẹ̀ dá, bóyá ó rẹ̀ ẹ́, bóyá ó ṣì wà láyé. Ọjọ́ tí ìtàn bá parí, kò tún sí ẹni tí yóò sọ fún un.

"Ìyá ilé," ni ọkọ rẹ̀ wí, ó ń bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà, "ṣé ọmọ yẹn ò tíì rí bàbá rẹ̀ ni?"

"Kò tíì rí i."

"Áà, ojú ọmọ náà mà rí màbo! Ọlọ́run á jẹ́ kó rí i láìpẹ́."

Kinuko kò ṣe àmín.