Yìgì Tí Wọ́n So Níwájú Kámẹ́rà

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Akeem bá Serifat sọ nìyí: "Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi rán ẹ̀wù yìí. Wọ́n ti pa mí lẹ́ẹ̀mejì nínú rẹ̀."

Serifat gbójú sókè lórí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀. Ẹ̀wù fúgù, aṣọ òfì àwọn ará àríwá Ghana, ni ọkùnrin náà gbé dání. Àyà rẹ̀ ti fà ya, ọ̀dà pupa sì ti gbẹ mọ́ ọn lára.

"Haba! Ta ló pa yín?"

"Lọ́jọ́ Ẹtì, ẹ̀gbọ́n mi ni. Lánàá, àwọn adigunjalè ni. Òṣèré ni mí."

Serifat rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹ má bá a wí o. Ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí sí Tamale ni, àdúgbò Changli níbí ni ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà, Hausa ló sì máa ń yára bọ́ sí i lẹ́nu. Kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan fi Yorùbá Ìṣẹ́yìn tó dùn tó báyẹn ròyìn ikú ara rẹ̀ rí.

Ọdún mẹ́fà ni Akeem fi ṣeré lórí ìtàgé n'Ìbàdàn kó tó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wá sí Tamale. Páàtì ọ̀kadà ló ń tà. Bí àwọn onífíìmù bá ti pè é, á ti ṣọ́ọ̀bù, á lọ kú fún wọn. Bí wọ́n ṣe ń pa á ni Serifat ń bá a rán ẹ̀wù. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ọwọ́ òfìfo ló gbé wá.

"Ẹ̀wù dà?"

"Wọn ò pa mí lónìí. Ojú ẹ ni mo wá wò, olólùfẹ́ mi. Ìwọ lo fẹ́ pa mí báyìí."

"Kai! Ẹlẹ́nu dídùn." Àmọ́ láti ọjọ́ náà, bí ọ̀kadà bá ti dún níta, ọkàn Serifat á ti fò sókè. Ó fẹ́ràn rẹ̀ dé góńgó.

Ní oṣù Ṣáábàn, Akeem rí ipa ńlá àkọ́kọ́ gbà: ọkọ ìyàwó. Àgbàlá kan ní àdúgbò Kukuo ni wọ́n ti ya fíìmù náà. Asana ni ìyàwó inú eré. Olùdarí wọn fẹ́ kó jọ òótọ́ pátápátá, ló bá ní kí Sulemana, bàbá tó bí Asana lọ́mọ, ṣe bàbá ìyàwó. Ó tún lọ pe ààfáà àdúgbò. Ààfáà gbàdúrà, wọ́n pín gooro, obì yìgì, gbogbo èèyàn ṣe àmín. Akeem sọ fún Serifat pé òun ò tíì ṣe eré tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí. Inú Serifat dùn. Ó mà ṣe o!

Lẹ́yìn ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀, Akeem kó ẹbí rẹ̀ àti gooro lọ sọ́dọ̀ Alàájì Jímọ̀, bàbá Serifat, láti tọrọ ọmọ. Alàájì ránṣẹ́ pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan, ààfáà láti Kukuo, kó wá gbàdúrà. Serifat àti ìyá rẹ̀ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n ń tẹ́tí.

Ààfáà tẹjú mọ́ Akeem. "Ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe ìwọ ni mo so yìgì fún lóṣù méjì sẹ́yìn?"

"Eré ni, Ààfáà! Ẹ̀yin náà rí kámẹ́rà!"

"Kámẹ́rà ni tiyín, àdúrà ni tèmi. Bàbá ọmọ fi ọmọ rẹ̀ fún ọ, ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, ẹnu ara rẹ lo sì fi gbà á. A kì í fi yìgì ṣeré. Ẹni tó bá fi ṣeré, ó ti di òótọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́."

Serifat fi etí lé ilẹ̀kùn.

Alàájì túnra mú. "Mi ò ní ọmọ tó máa ṣe ìyàwó kejì. Tó bá jẹ́ pé lóòótọ́ lo fẹ́ Serifat, mú Asana àti bàbá rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó o kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lójú gbogbo wa."

Lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n wá. Asana fi ìborùn bo ojú, ó jókòó ti Sulemana lórí ẹní. Akeem dìde dúró. Ohùn rẹ̀ já gaara, bí ìgbà tó wà lórí ìtàgé: "Asana, ọmọ Sulemana, mo kọ̀ ọ́ sílẹ̀."

Asana bú sẹ́kún. Ó fi Hausa sọ pé, "Mi ò tíì lọ́kọ, wọ́n ti kọ̀ mí."

Lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ìyá Serifat di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. "Alhamdulillahi, ó ti parí." Serifat tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ń retí kí wọ́n pe òun wọlé.

Wọn ò pè é. Asana tó ń sunkún ni Alàájì ń wò.

"Akeem, o ṣe ohun tí mo ní kó o ṣe."

"Ẹ ṣé, Bàbá."

"Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ohùn ẹ ò gbọ̀n rárá. Ẹnu tó o fi kọ ọmọ ọlọ́mọ bí ẹni mumi, òun náà lo máa fi kọ ọmọ tèmi. Ẹ máa gbé gooro yín lọ."

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ní kí n sọ ọ́!"

"Èmi ni. Mi ò mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rọrùn fún ọ tó."

Ẹ sọ fún mi, kí ni ọmọ náà ì bá ṣe? Ká ní Akeem ò sọ ọ́, kò ní í rí Serifat fẹ́. Ó sọ ọ́ tán, kò tún rí i fẹ́. Ọjọ́ mẹ́ta ni Serifat fi kúnlẹ̀ níwájú bàbá rẹ̀. Ìyá rẹ̀ bẹ̀bẹ̀ títí, ẹbí Akeem náà padà wá bẹ̀bẹ̀. Alàájì ò gbà. Omi ti pọ̀ ju ọkà lọ.

Akeem wá bá Serifat ní ṣọ́ọ̀bù. Serifat ò gbójú sókè.

"Ọ̀rọ̀ tó o sọ fún Asana yẹn, ṣé o ti kọ́ ọ sórí kó o tó dé ilé wa ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi kọ́ ọ. Ẹ̀rù ń bà mí kí n má lọ ṣì í sọ, kí n wá pàdánù ẹ."

Nígbà náà ni Serifat wá sunkún. Ó gbà á gbọ́, kò sì lè fi ìgbàgbọ́ náà ṣe ohunkóhun.

Nígbà tó ṣe, àwọn onífíìmù kan ní Accra ránṣẹ́ pe Akeem. Serifat sìn ín dé ibùdókọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Akeem wọ ọkọ̀, ó yọ orí lójú fèrèsé.

"Serifat mi, ó... ó dà..."

Ó pa ẹnu dé. Ó tún ṣí i. Ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, ọ̀rọ̀ ò jáde. Awakọ̀ ti ń fọn fèrè.

Serifat di ojú fèrèsé mú. "Akeem, ká ní báyìí lo ṣe kólòlò lójú Bàbá mi, ǹ bá ti di ìyàwó ẹ."

Ọkọ̀ gbéra.